Yàrá Ìkàwé Kew, Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Sànmánì Àárín

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ló mọ orúkọ Kew. Níbẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn London, ni The National Archives wà, ilé tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Ibẹ̀ náà ni àkójọ CO 147 wà, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí àwọn gómìnà Èkó ń kọ ránṣẹ́ sí London láti ọdún 1861 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ wa ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó gbé èmi débẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀kọ́ oyè másítà nínú ìtàn Sànmánì Àárín ni mo ń ṣe, ìyẹn ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 500 sí nǹkan bí ọdún 1500, mo sì fi gbogbo ìgbà ooru kan lọ sí Kew, lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí àpilẹ̀kọ tí a fi ń parí ẹ̀kọ́ náà. Mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ gbé lọ síbẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ilé náà ń fún ènìyàn, kí ó sì mọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni. Mo tètè sọ èyí nítorí pé owó ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni owó ilé-ìwé àwọn àjèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tó láti tán ènìyàn lókun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè gba káàdì òǹkàwé láìsan kọ́bọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí àlejò, bí ó bá ti mú ìwé tó fi orúkọ rẹ̀ hàn àti èyí tó fi àdírẹ́sì rẹ̀ hàn lọ́wọ́. Wọn kì í béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ìwé pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ kò ní sanwó. Ìgbà tó bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bá òun yà á ni owó yóò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú irin ìlà District máa ń dúró ní ibùdó Kew Gardens, ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn yóò sì fi parí ìyókù ìrìn náà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìgbà tí mo ń lọ, wọn kì í ṣí yàrá ìkàwé ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, nítorí náà kí ẹni tó ń ti ìlú mìíràn bọ̀ má ṣe gbé ìrìn rẹ̀ sí ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Báàgì, bírò, omi àti oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú yàrá. Kọ́ńbọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ wà ní ìsàlẹ̀ tí ènìyàn yóò kó ẹrù rẹ̀ sí, yóò wá kó ìwé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti pẹ́ńsù sínú ọ̀rá tí ojú ń rí inú rẹ̀. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà láàyè, nítorí pé bí yíǹkì bírò bá kán sí ara awọ tó ti pé 700 ọdún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Àwọn kan rò pé ìbọ̀wọ́ funfun ni a fi ń mú ìwé àtijọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ́, tó sì gbẹ, ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kì í mọ bí ohun tó dì mú ti rí, ó sì lè ya á láìmọ̀. Mo fara mọ́ ìlànà náà tọkàntọkàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìka mi kan awọ náà ni mo tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ tí irun àgùntàn ti hù, tí ó máa ń le díẹ̀, tí ó sì máa ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀, àti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹran, tí ó máa ń funfun tí ó sì máa ń rọ̀.

Àjà kìíní ni àwọn tó ń ka ìwé ìjọba àmúnisìn máa ń jókòó sí. Àjà kejì, níbi tí wọ́n ti ń ka máàpù àti ìwé ńláńlá, ni wọ́n ń gbé ìwé Sànmánì Àárín wá, nítorí pé tábìlì ibẹ̀ fẹ̀. Ó sì nílò kí ó fẹ̀. Ẹni tó bá ń ronú nípa ìwé bíi ti ilé-ìwé, tí a ń ṣí ní ojú ewé sí ojú ewé, ni ẹnu yóò yà nígbà tí wọ́n bá gbé ohun kan tó rí bí ẹní kíká fún un. Ọ̀nà méjì ni àwọn akọ̀wé ọba ń gbà rán awọ wọn pọ̀. Àwọn akọ̀wé Ṣáńsẹ́lọ̀, ìyẹn ìjòyè àgbà tó ń ṣàkóso ìwé ọba, tí wọ́n ń kọ àṣẹ ọba, máa ń rán ìsàlẹ̀ awọ kan mọ́ orí òmíràn, kí ó lè máa gùn lọ bí òfì tí ahunṣọ kò tíì gé. Àwọn ti ilé ìṣúra ọba máa ń to awọ lé ara wọn lórí, wọ́n á sì rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ lókè, bí ewé kàlẹ́ńdà ara ògiri. Irú èkejì yìí ni ìwé ìṣirò owó tí wọ́n ń pè ní Pipe Roll, tí èyí tó pẹ́ jù nínú èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ ti ọdún 1130, tí wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣíṣe rẹ̀ dúró láti ayé Ọba Henry Kejì títí wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tìmùtìmù fóòmù wà tí a fi ń gbé ìwé lé, okùn wíwúwo tí wọ́n fi aṣọ bò sì wà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà ká padà. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi bí a ṣe ń ṣe é han ẹni tó kọ́kọ́ wá, láìsí ìkanra kankan.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí yẹ ní ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kan ti dè mí mọ́lẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, mo tọ ọ̀kan nínú wọn lọ níbi tábìlì ìbéèrè. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n wá ibòmíràn nínú awọ kan náà tí akọ̀wé náà ti kọ lẹ́tà tó jọ ọ́, kí n fi èkíní wé èkejì, kí n wo bí ọwọ́ akọ̀wé náà ṣe máa ń yí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fi ka gbogbo ìyókù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi ti wá. N kò ka ju ìlà mẹ́ta lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé-ìwé tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, tí n kò ní dárúkọ, fún wa ní wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ fún èdè Látìnì, ìwé títẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ wa, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, tí lẹ́tà rẹ̀ sì mọ́ gaara. Látìnì àwọn akọ̀wé ọba kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Awọ wọ́n, àyè sì kéré, nítorí náà wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n sì ń fi àmì rọ́pò ohun tí wọ́n gé. Bí wọ́n bá fa ìlà gba ìdí lẹ́tà p kọjá, «per» ni wọ́n ń sọ. Bí ìlà náà bá wà lókè rẹ̀, «pre» ni. Bí ìdí rẹ̀ bá tẹ̀ lọ sí apá òsì, «pro» ni. Lẹ́tà i, n, m àti u kò ju ọ̀pá kéékèèké tí a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bíi «minimum» di ọ̀pá 15 lójú ẹni tó ń kà á. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí rí, tó ti ní láti fojú inú wo gbólóhùn kí ó tó mọ̀ bóyá ogun ni, ogún ni, tàbí Ògún, yóò mọ irú làálàá tí mo ń sọ. Ẹni tó gbọ́ èdè náà nìkan ni ó lè ka ohun tí wọn kò kọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí, Látìnì ni kí ó kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀ kí ó tó yan ilé-ìwé: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ta ni ń kọ́ ọ, ṣé wọ́n sì ń fi àwòrán ìwé àfọwọ́kọ kọ́ni àbí ìwé títẹ̀ nìkan. Oṣù 12 péré ni ẹ̀kọ́ oyè másítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gbà, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìgbà ooru kan kọ́ èdè, kọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé, wá ẹ̀rí, kí ó sì kọ àpilẹ̀kọ. Ilé Kew fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ Látìnì ọ̀fẹ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó dá lórí irú Látìnì tí wọ́n fi kọ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1086 títí di ọdún 1733, ọdún tí wọ́n fòpin sí lílo èdè náà nínú ìwé kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo padà sílé, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ṣe ẹ̀kọ́ náà láràárọ̀, n kò sì tún dé Kew títí mo fi parí rẹ̀. Ìbá wù mí kí ẹnìkan ti sọ fún mi láti Oṣù Kẹwàá tí ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo wá lọ gan-an ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bartholomew. Nínú Oṣù Kẹfà ọdún 1259, láti Windsor, Ọba Henry Kẹta pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i mú un. Àṣẹ náà pè é ní ará Ethiopia, orúkọ tí àwọn akọ̀wé ìgbà náà máa ń lò fún aláwọ̀ dúdú láìka ibi tó ti wá sí. Àṣẹ náà ní ó ti jẹ́ Sárásénì, ìyẹn Mùsùlùmí, tẹ́lẹ̀ rí, pé Roger de Lyntin ni ó mú un wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ó sì ti sá kúrò lọ́dọ̀ olúwa rẹ̀. Inú ìwé-àṣẹ gbangba, tí nọ́ńbà àkójọ rẹ̀ jẹ́ C 66, ni ọ̀rọ̀ náà wà, ìlà díẹ̀ péré láàárín ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè. Àwọn tó ti ṣe àkópọ̀ ìwé wọ̀nyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ọjọ́ pípẹ́, ènìyàn sì lè ka ìyẹn láti orí ibùsùn rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí nìyẹn: kí ni mo tún ń wá lọ sí Kew?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá lọ. Nínú ìwé títẹ̀ náà, wọ́n kọ ẹrú ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìnì náà, «servus», sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ó lè fa àríyànjiyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kẹtàlá, «servus» lè jẹ́ ìránṣẹ́, ó sì lè jẹ́ àgbẹ̀ tí òfin so mọ́ ilẹ̀ olúwa rẹ̀, tí kò lè kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ẹrú, ìwọ̀fà àti ọmọ ọ̀dọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà, bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń jí ṣiṣẹ́ nílé ẹlòmíràn. Bí akọ̀wé kan bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí yóò ṣẹ́ kù fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kí ó wo bí akọ̀wé yẹn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn, nínú awọ kan náà, lọ́dún kan náà. Ìwé títẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn fún wa, nítorí pé àwọn olùtumọ̀ kì í fi Látìnì síbẹ̀ àyàfi ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wọn lójú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni orí kẹta àpilẹ̀kọ mi, mo sì lè sọ pé kò sí ibòmíràn ní ayé tí mo ti lè ṣe é.

Nígbà tí mo dé ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà, mo gbé pẹ́ńsù mi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ènìyàn wa máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú ìtàn ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó, nígbà tó jẹ́ pé ní àwọn ọ̀rúndún yẹn kan náà ni Ilé-Ifẹ̀ ń rọ orí idẹ, tí wọ́n sì ń fi iná yọ́ gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìbéèrè náà tọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ Ifẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Bartholomew náà wà níbẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ kà á.

Ẹnì kejì tí mo lépa ni Maria Moriana, obìnrin kan ní Southampton ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí orúkọ rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ará ìhà àríwá Áfíríkà ni ìran rẹ̀. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ṣáńsẹ́lọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀, Filippo Cini, oníṣòwò ará Venice, pé ó fẹ́ tà òun fún ẹlòmíràn ní £20. Inú àkójọ C 1 ni ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì: Bartholomew kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, olúwa rẹ̀ àti ọba ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀; Maria ń rojọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbẹjọ́rò ló bá a kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Látìnì rẹ̀ kò tíì le lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àkójọ C 1 yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ìgbà náà jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí ènìyàn lè fi etí mọ̀ bí ó bá kà á sókè. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n wà nínú àkójọ SC 8, jẹ́ ní èdè Faransé tí àwọn ọmọ Norman, àwọn tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú wọ̀lú, àwòrán wọn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Kew fúnra rẹ̀.

Nípa wíwá ìwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn kì í sábà sí nínú àkọsílẹ̀ tí a fi ń wá ìwé ọ̀rúndún wọ̀nyí. Ẹni tó bá wá ìwé ẹjọ́ kọ́ọ̀tù Common Pleas, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pe ara wọn lẹ́jọ́, àkójọ CP 40, yóò bá ọdún ìjọba ọba àti sáà kọ́ọ̀tù nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ìká ìwé kan ṣoṣo lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún awọ. Ọdún ìjọba yìí náà gba ìfarabalẹ̀. Ọjọ́ 28 Oṣù Kẹwàá ọdún 1216 ni wọ́n dé Henry Kẹta ládé, nítorí náà ọdún ìjọba rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, Oṣù Kẹfà ọdún 1259 sì bọ́ sí ọdún kẹtàlélógójì rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi òyìnbó ń ráhùn lórí èyí. Èmi kò rí i bí ohun àjèjì, nítorí pé bí àwọn àgbà wa náà ṣe ń ka ìgbà nìyẹn, wọn á ní nígbà Aláàfin Abíọ́dún, wọn á ní nígbà Aláàfin Àtìbà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ènìyàn nílò láti wọ ọkọ̀ lọ sí Kew, mo sì fẹ́ kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu mọ èyí. Yunifásítì Houston ní Texas ti gbé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù àwòrán ìwé kọ́ọ̀tù tó wà ní Kew sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ iṣẹ́ náà ni Anglo-American Legal Tradition. Àkójọ England's Immigrants náà wà, tó ní orúkọ àwọn àjèjì tó lé ní 64,000 tí wọ́n gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1330 sí 1550, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti inú ìwé owó orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ àjèjì ní ọdún 1440. Ẹni tó bá ti fi àwọn méjì yìí kọ́ ojú rẹ̀ ní ìwé kíkà yóò dé Kew pẹ̀lú ìbéèrè gidi, kì yóò sì fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò bí mo ṣe fi tèmi ṣòfò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í fi ibi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀rọ̀ nù hàn dáadáa. Ó di ìgbà tí mo gbé awọ sábẹ́ iná kí n tó rí irú ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Oúnjẹ wà ní ìsàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà, àyè sì wà fún ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá. Adágún omi kan wà níwájú ilé tó dára láti jókòó sí létí nígbà tí ojú bá ti rẹ̀ ènìyàn. Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá náà, n kò rí ibi tó dára jù ú lọ. Wọn kò bi mí léèrè rí pé kí ló kàn mí pẹ̀lú ìwé Henry Kẹta. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ìwé tí mo fẹ́, wọ́n sì gbé e wá. Mo ti parí àpilẹ̀kọ mi báyìí, ṣùgbọ́n káàdì mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì ti béèrè fún ìká ìwé-àṣẹ ọdún tó tẹ̀ lé ti Bartholomew, fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, láti wò ó bóyá wọ́n tún dárúkọ rẹ̀.